Igbà Tí Wọn Kò Gé

Nígbà tí à ń wí yìí, Bàbá Ògúnlékè ṣì wà láyé. Berthe, ìyá Ọdẹ́wálé, ṣì wà láyé, ó ṣì ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ àwọn tó ti Àjàṣẹ́ wá, láìwọ bàtà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Lambert ṣì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn dáadáa. Élie kékeré, àbúrò Ọdẹ́wálé, ṣì ń sáré láti Ìta-Jẹ̀bú lọ sí ilé-ìwé, wàláà rẹ̀ lórí, tó ń kọ orin Faransé tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀pẹ gíga sì dúró ní gbogbo ọ̀nà láti Sakété dé Pobè, wọ́n forí korí bí àgbà tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Ọdún yẹn ni wọ́n fa àsíá Faransé sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n fa tiwa sókè. Gbogbo èèyàn jó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kálukú padà sí oko rẹ̀, nítorí ẹyìn ti pọ́n, ẹyìn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹyìn ni wọ́n ń jẹ ní Ìta-Jẹ̀bú, ẹyìn ni wọ́n fi ń tan fìtílà, ẹyìn ni wọ́n fi ń gbéyàwó. Akọ̀pẹ tó bá mọ iṣẹ́, àwọn obìnrin tó ń tẹ epo á máa kí i láti òkèèrè. Bàbá Ògúnlékè ni olórí gbogbo wọn. Òun ló ń pín ọ̀pẹ fún àwọn yòókù bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé. "Ìwọ, mú apá odò. Ìwọ, mú ẹ̀yìn ilé-ìwé." Ohun tó bá pín, kò sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀.

Ipò yẹn ni Ọdẹ́wálé ń fẹ́. Kì í ṣe bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ àkàrà ló ṣe ń fẹ́ ẹ o. Ó ń fẹ́ ẹ bí iná ṣe ń fẹ́ koríko gbígbẹ.

Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n ni. Ó lágbára, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í jalè, kì í mutí yó. Síbẹ̀, ó ṣòro láti fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ á kéré bí ojú ẹni tí èéfín ata wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Ògúnlékè jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ń wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lókè. Lambert, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Bàbá gbé ìdì ẹyìn tó gé wò.

"Ojú àáké rẹ mọ́, Lambert. O kò dá ọ̀pẹ lóró."

Ọdẹ́wálé gbọ́ ọ láti òkè. Ó tún sán àáké, ó sán an bí ẹni ń ja ìjà. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ìdì méjì ló kó síwájú Bàbá.

"Ọ̀kan ni Lambert gé, Bàbá. Méjì ni tèmi."

"Mo rí i. Èkejì kò tíì pọ́n."

Àwọn akọ̀pẹ bú sẹ́rìn-ín. Èjìdé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láàárín wọn, ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ìbínú rẹ̀ máa mú un pọ́n kó tó délé!"

Ọdẹ́wálé kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gangan síwájú àgbàlagbà náà. "Bàbá, ta ni yóò máa pín ọ̀pẹ fún wa bí ẹ kò bá sí mọ́?"

Ẹ̀rín dá lẹ́nu gbogbo wọn. Bàbá Ògúnlékè nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ti mọ ìdáhùn tipẹ́.

"Ọmọ yìí, jẹ́ kí n jẹ èyí tó wà nínú abọ́ mi tán ná."

Nígbà tí Berthe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé, ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná. "Ọdẹ́wálé, ẹnu rẹ yá jù. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Ìyá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Òótọ́ ni. Ẹni tó bá sì ń pariwo láti gba àga ẹni tó ṣì jókòó lórí rẹ̀ ńkọ́, kí ni tirẹ̀ yóò ṣe?"

Ọdẹ́wálé gbé àáké rẹ̀, ó jáde.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí igbà jẹ́, ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé ọ̀pẹ kúkúrú lẹ bá láyé. Okùn nípọn ni, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń hun ún. Akọ̀pẹ á gbé e yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, á so ó ní kókó, á sì rọ̀ sẹ́yìn sínú rẹ̀ bí ẹni jókòó. Bí igbà bá já, akọ̀pẹ já nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kì í jọ̀wọ́ igbà. Bàbá Ògúnlékè fúnra rẹ̀ ló hun igbà Ọdẹ́wálé àti ti Lambert, ní ọjọ́ kan náà tó hun tirẹ̀ tuntun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ọmọ ìyá. Kókó nìkan ló yàtọ̀, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá, ọwọ́ òsì ló sì fi so tirẹ̀.

Ní ọjọ́ náà ló kọ́ wọn ní òfin iṣẹ́. "Bí akọ̀pẹ bá kú, ẹ gé igbà rẹ̀ sí méjì kí ẹ tó sin ín. Ìdajì kan á bá a wọ ilẹ̀. Ẹ gbé ìdajì kejì kọ́ sára ọ̀pẹ tó gùn kẹ́yìn, kó jẹrà síbẹ̀. Igbà tí wọn kò bá gé kò mọ̀ pé olúwa òun ti kú. Yóò máa gùn lọ ni. Kì í já, kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín kò ní rí ibi sùn."

Lambert gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdẹ́wálé gbọ́ "kì í já, kì í yọ̀."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kù díẹ̀ kó rọ̀, ibà dá Bàbá Ògúnlékè dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ lórí ẹní. Ní òwúrọ̀ kan ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kí òun rí orí ọ̀pẹ. Wọ́n ṣí i. Ó wò ó títí, ó sì lọ.

Bí àwọn obìnrin ṣe ń wẹ òkú lọ́wọ́, àwọn àgbà ní kí akọ̀pẹ kan lọ gbé igbà olóògbé wá láti orí àjà.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ," ni Ọdẹ́wálé wí, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ó gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn ló gbà bọ̀. Ó fi igbà òkú kọ́ sí ibi tí tirẹ̀ máa ń wà, ó mú tirẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú àwọn èèyàn pẹ̀lú orí títẹ̀ba. Bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó. Ohun burúkú máa ń rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rere ló máa ń múni làágùn.

Lambert gba àdá. Ọmọ olóògbé ló gbọ́dọ̀ gé e. Ọwọ́ rẹ̀ kan kókó igbà náà, ó sì dúró. Ó wo Ọdẹ́wálé. Ọdẹ́wálé wo ilẹ̀.

"Gé e, ọmọ," ni àwọn àgbà wí. "Oòrùn ti ń ga."

Omi kún ojú Lambert. Ó gé e.

Nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ bo ìdajì igbà náà nínú sàárè, òtútù kan mú Ọdẹ́wálé nínú ikùn, bí ẹni tó mu omi kànga ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja fún un.

"Ìyá, ẹ kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ yìí."

"Mo fi iyọ̀ sí i."

"Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ni Élie wí, ó ń lá ọwọ́. "Ó tiẹ̀ dùn."

Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun kò dùn lẹ́nu Ọdẹ́wálé mọ́, ìbáà jẹ́ ẹja, ìbáà jẹ́ oyin. Kò kà á sí. Ó ní olórí akọ̀pẹ kò nílò iyọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà yan olórí tuntun. Ọ̀pẹ méjì wà ní ìpẹ̀kun igbó, tí wọ́n ga ju gbogbo ọ̀pẹ yòókù lọ, tí wọ́n sì kọjú síra wọn. Ọ̀pẹ Àwòdì ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí àwòdì nìkan ló ń bà lé wọn. Àwọn méjì tí àgbà bá fọwọ́ sí yóò gùn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹyìn sọ̀kalẹ̀ ni yóò máa pín ọ̀pẹ. Lambert àti Ọdẹ́wálé ni wọ́n fọwọ́ sí.

Gbogbo abúlé wà nísàlẹ̀. Àwọn obìnrin tẹ epo títí dé orúnkún, wọn kò dúró fọ ẹsẹ̀, wọ́n wá wòran. Lambert ń gùn bí ẹni tó ń rìn nínú ilé bàbá rẹ̀. Ọdẹ́wálé rọ̀ sínú igbà òkú fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu sì yà á. Igbà náà ń lọ fúnra rẹ̀. Kò wúwo, kò yọ̀. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnìkan wà lápá kejì ọ̀pẹ, tó rọ̀ sẹ́yìn bí òun náà ṣe rọ̀ sẹ́yìn, tí àwọn méjèèjì ń fi ara wọn gbé ara wọn lọ sókè.

Ó bojú wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ. Ó rí ẹsẹ̀. Ó mọ ẹsẹ̀ náà dáadáa, nítorí àpá àáké tó wà lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ọdẹ́wálé," ni ohùn jẹ́jẹ́ kan wí láti apá kejì, "o kò jẹ́ kí n sùn."

Ẹlòmíràn ì bá ti sọ̀kalẹ̀. Ọdẹ́wálé gbé ẹsẹ̀ lọ sókè sí i.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ó kù díẹ̀."

"O rò pé agbára igbà yìí ń ti ọ̀run wá? Okùn tí olúwa rẹ̀ ti kú kò ní agbára kankan. Yíyá ló ń yá a. Ara igbà àwọn tó bá ń bá ọ gùn ló ti ń mu ún. Wo ọmọ mi."

Ó wo ọ̀pẹ kejì. Lambert ti gé ẹyìn tirẹ̀, ó ti ń sọ̀kalẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ délẹ̀. Ọdẹ́wálé rí i pé ẹ̀yìn igbà Lambert ń tú, fọ́nrán kan, òmíràn, gẹ́gẹ́ bí igbà tó wà nídìí òun ṣe ń le sí i. Ó ní ẹnu láti fi pariwo. Ó pa ẹnu náà dé.

Igbà Lambert já nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Ká ní òkè lọ́hùn-ún ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́wálé sọ̀kalẹ̀, gbogbo èèyàn ti ṣù bo Lambert. Wọ́n ń wá igi tí wọn yóò fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ránṣẹ́ sí atoegun ní Towé. Ọdẹ́wálé gbé ìdì ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn àgbà.

"Mo ti gbé e dé o. Ẹ rí i."

Wọ́n rí i. Òfin ni òfin: ẹni tó bá já bọ́ kò gbé ẹyìn dé. Wọ́n sọ ọ́ di olórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pa àtẹ́wọ́.

Ẹsẹ̀ Lambert jinná, àmọ́ ó kúrú ju èkejì lọ. Akọ̀pẹ tó ń tiro, kí ni yóò fi ẹsẹ̀ ṣe? Ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ kàmíọ̀n lọ sí Pobè, níbi tí wọ́n ti ń gbin ọ̀pẹ tuntun, irú èyí tí èèyàn máa dúró nílẹ̀ gé. Iṣẹ́ bíbomi rin ọmọ ọ̀pẹ ló rí níbẹ̀. Kí ó tó lọ, ó tiro wá sí ojúde Ọdẹ́wálé.

"Ọdẹ́wálé, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí o fẹ́ sọ fún mi, mo ń gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ wo? Igbà rẹ gbó ni."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n hun wọ́n," ni Lambert wí. Ó sì tiro lọ.

Ọdẹ́wálé wá ń pín ọ̀pẹ. Àwọn tó dára jù, ó mú wọn fún ara rẹ̀. Ó ń gé ẹyìn tí ẹni mẹ́ta kò lè gé, ó sì ń rí ẹsẹ̀ Bàbá Ògúnlékè lápá kejì ọ̀pẹ lójoojúmọ́. "Gé e, ọmọ, kí n lọ sùn," ni òkú ń wí. "Bó bá dọ̀la, Bàbá," ni òun náà ń dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára, bí ariwo ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n igbà àwọn akọ̀pẹ yòókù kò pẹ́ mọ́. Ẹni tó hun tuntun lónìí, bó bá dọ̀túnla ó ti ń tú. Ọ̀kan yọ̀, ara ọ̀pẹ bó o láyà. Òmíràn ṣubú sórí koríko, ó dìde, ó ju àáké rẹ̀ sínú igbó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Pobè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èjìdé ló lọ kẹ́yìn.

"Olórí, ó dìgbà o," ló wí. "Mo ń lọ gé ọ̀pẹ tí kò ga ju ìyàwó mi lọ. Bí mo bá ṣubú níbẹ̀, ilẹ̀ á kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni."

"Ọ̀lẹ ni gbogbo yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀lẹ tó ní egungun pípé."

Ní àkókò yìí gan-an ni ìròyìn dé pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti bírò ìjọba ní Sakété. Wọ́n fẹ́ yan ẹnìkan ṣe olórí gbogbo akọ̀pẹ láti Sakété dé Pobè. Ọ̀gá náà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí Ọdẹ́wálé àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọdẹ́wálé wo ẹ̀yìn, kò rí ọmọ iṣẹ́ kankan. Olórí tí kò ní ọmọ ẹ̀yìn, ta ni yóò fi í ṣe olórí?

Ó wo Élie.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, o kò ní lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ọ̀pẹ ni wàá máa gùn."

Wàláà bọ́ lọ́wọ́ Élie. "Ẹ̀gbọ́n, ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ ní mo lè wọ ilé-ìwé ńlá ní Àjàṣẹ́."

"Ìwé kò ga tó ọ̀pẹ."

Berthe kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń wí: ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. "Ọdẹ́wálé, mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ gba ohun gbogbo. Fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ dìde, Ìyá. Ọjọ́ kan péré ni. Èmi fúnra mi ni mo máa hun igbà rẹ̀, ìlọ́po méjì ni mo máa ṣe é."

Ó hun ún lóòótọ́, igbà tó nípọn tó apá ọmọ náà. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní ọjọ́ tó hun ún tán, òkú ti sọ fún un láti apá kejì ọ̀pẹ: "Kò sí igbà tuntun lójú èyí, Ọdẹ́wálé. Ẹni tó bá ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ, ara igbà rẹ̀ ni èyí máa ti mu agbára." Ó gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀. Ó mọ̀.

Ọ̀gá Sakété dé pẹ̀lú fìlà líle àti bàtà dídán. Wọ́n gbé àga sí abẹ́ ibòji fún un. Ọdẹ́wálé gun Ọ̀pẹ Àwòdì kan, Élie gun èkejì, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà kò tíì gùn ju ìdajì lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé òkè téńté.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ohùn Élie tín-ín-rín. "Ẹ̀gbọ́n, igbà mi ń dún!"

"Sọ pé kó sọ̀kalẹ̀," ni òkú wí. "Ìwọ náà, sọ̀kalẹ̀. Bí o bá kúrò nínú igbà yìí, tirẹ̀ yóò dúró. O kò ní pàdánù ju ẹyìn kan lọ."

Ọdẹ́wálé wo ìsàlẹ̀. Ọ̀gá náà ti dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wò ó. Òun nìkan ló ń wò. Gbogbo ayé Ọdẹ́wálé wà nínú ojú ọkùnrin náà. Bó bá sọ̀kalẹ̀ ní ọwọ́ òfo, ó parí. Ìdì ẹyìn náà wà níwájú rẹ̀, ó pọ́n, ó tóbi bí àgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó gbé àáké sókè, ó sì sán an. Ẹyìn ló sán.

Igbà Élie já. Okìtì háhá ẹyìn tí àwọn obìnrin kó jọ sídìí ọ̀pẹ ló gba Élie. Òun ni kò jẹ́ kí ó kú. Apá ọ̀tún rẹ̀ fọ́ níbi méjì. Ọ̀gá Sakété bá àwọn yòókù gbé e sókè, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè. Kò bojú wẹ̀yìn wo ẹyìn tí ẹnìkan gbé sílẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Wọn kò yan ẹnikẹ́ni lọ́dún náà.

Nígbà tí Berthe padà wá kó ẹrù rẹ̀, Ọdẹ́wálé wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, báwo ni ara Élie?"

Ó di aṣọ funfun rẹ̀ sínú ìdì, ó gbé e rù. "Ọmọ kan ni mo bí," ló wí láìpariwo. "Ó wà ní Pobè."

Lambert ló fún àwọn méjèèjì ní yàrá. Élie fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ, ó sì wọ ilé-ìwé ńlá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ òsì yẹn náà ló fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí dòní.

Ní ti Ọdẹ́wálé, ó dúró sí Ìta-Jẹ̀bú, ó ń jẹ́ olórí. Àwọn ọ̀pẹ kúkúrú tí wọ́n gbìn lọ́dún òmìnira ti ń so. Obìnrin lè dúró nílẹ̀ kó gé ẹyìn tirẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n pín ọ̀pẹ fún òun mọ́. Ó ń gun Ọ̀pẹ Àwòdì lójoojúmọ́, òun àti òkú, nínú igbà kan ṣoṣo. Àwọn tó ń kọjá lọ sí ọjà Pobè máa ń gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀ lókè: "Bó bá dọ̀la, Bàbá. Bó bá dọ̀la." Àwọn ọmọdé á tọ́ka sí i, ìyá wọn á fà wọ́n lọ.

Ọyẹ́ kan ló gbé e lọ. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, kò tíì hu ewú púpọ̀. Aládùúgbò kan ló rí i, ẹ̀kọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Akọ̀pẹ ni, wọ́n gbọ́dọ̀ gé igbà rẹ̀, kò sì ní ọmọ, nítorí náà ẹni tó ti bá a gùn rí ló gbọ́dọ̀ gé e. Ta ló kù? Wọ́n ránṣẹ́ sí Pobè.

Lambert gun kẹ̀kẹ́ wá, Élie jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé igbà wá fún un láti ibi tó wà lára ògiri. Lambert fi ìka wá kókó rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló so ó. Ó jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó gbé igbà náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ.

"Ti bàbá mi ni," ló wí. "Kókó èyí tí mo gé lọ́jọ́ náà kì í ṣe tọwọ́ òsì. Mo rò pé omijé ló ń tàn mí. Lẹ́yìn náà mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ipò ni mò ń wá."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó dúró níbẹ̀ bi í pé, "Ta ló wá ni igbà tí ẹ gé nígbà náà?"

"Tirẹ̀ ni. Ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi. A ti sin Ọdẹ́wálé tipẹ́, ẹ̀yin ọmọ. Lónìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀."

Élie wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bínú. Ó fi ọwọ́ òsì fa aṣọ bò ó. "Ẹ wò ó dáadáa," ló sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà. "Ipò dára. Kí èèyàn fẹ́ ga dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já igbà ẹlòmíràn kó tó dé òkè, òun nìkan ni yóò jókòó síbẹ̀, ohunkóhun kò sì ní dùn lẹ́nu rẹ̀."

Lambert gba àdá. Ó gbé igbà náà lé orí igi, ó sì gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìpẹ̀kun igbó, níbi tí Ọ̀pẹ Àwòdì wà, gbogbo wọn gbọ́ ìró kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá jókòó lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Lambert yí ojú síbẹ̀.

"Ó dàárọ̀ o, Bàbá," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ọjọ́ tí Ọdẹ́wálé kú ni Bàbá Ògúnlékè tó rí ibi sùn.